Ọmọ Ìyá Mi Ni

Sister Hephzibah ò ní ọmọ ọ̀dọ̀. Àbúrò ló ní. Ohun tó sọ fún gbogbo ìjọ nìyẹn, nígbà tó mú Sururat wá láti Òṣogbo sí ilé rẹ̀ ní Loganville, ní Amẹ́ríkà. Ó ní ọmọ ìyá òun ni. Joy ló sọ orúkọ rẹ̀, torí díkónẹ́ẹ̀sì bíi tirẹ̀ ò lè ní àbúrò tó ń jẹ́ Sururat. Àbúrò yìí ló ń wẹ ọmọ, òun ló ń dáná, òun ló ń fọ balùwẹ̀, kò sì ní ọjọ́ ìsinmi kankan, nítorí ẹbí kì í gba off. Bí ẹ̀gbọ́n rere sì ti í ṣe, Sister Hephzibah ń bá a tọ́jú ìwé ìrìnnà rẹ̀ sínú kọ́bọ́ọ̀dù tó ní kọ́kọ́rọ́. Sururat fẹ́ lọ sílé. Ó bẹ̀bẹ̀ títí ó fi sú u, kò rí ìwé gbà.

Ni ìyá Sister Hephzibah bá kú.

Àwọn ìyá ìjọ wọ́ wá láti Stone Mountain, wọ́n kó omijé wá, wọ́n sì kó ebi wá. Wọ́n kí Sister Hephzibah tán, wọ́n wá bá Joy nídìí síǹkì, tó ń fọ abọ́. Ọmọ òkú! Màmá Oyèníran, olórí wọn, gba kànìnkànìn lọ́wọ́ rẹ̀, ó fà á jókòó sórí àga funfun tí wọn ò jẹ́ kó jókòó lé rí. Ta ló wá kù tí yóò dáná fún àlejò? Ẹni tó bí ọmọ ọ̀ràn ní í pọ̀n ọ́n. Sister Hephzibah ń wá iyọ̀ kiri nínú kíṣìnnì ara rẹ̀. Sururat mọ ibi tí iyọ̀ wà, ṣùgbọ́n ọ̀fọ̀ ò jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀.

Màmá Oyèníran ní kò ṣeé gbọ́ sétí pé ẹ̀gbọ́n lọ sìnkú, àbúrò jókòó sí Amẹ́ríkà. Ó ní ìjọ ló máa ra tíkẹ́ẹ̀tì Joy.

“Hephzibah, lọ mú passport ẹ̀yin méjèèjì wá. Akín ọmọ mi wà lórí phone, ó fẹ́ book ẹ báyìí.”

Sister Hephzibah ní ti Joy ti expire. Wọ́n ní kó ṣáà mú un wá. Ó ní kọ́kọ́rọ́ ti sọnù.

“Mummy Ìbùkún,” Déolú ọkọ rẹ̀ dá sí i, ẹni tí ọ̀rọ̀ kì í tètè yé, “ṣé kì í ṣe èyí tó wà lára key car ẹ ni?”

Gbogbo ojú wà lára Sister Hephzibah. Kó jẹ́wọ́ pé ọmọ ọ̀dọ̀ ni Joy, tàbí kó mú ìwé wá. Ó mú un wá.

Màmá Oyèníran ṣí i, ó ka orúkọ inú rẹ̀, ó wo Sister Hephzibah títí. Ó fi ìwé náà lé ẹni tó ni ín lọ́wọ́.

Sururat ki ìwé náà bọ àyà, ó dìde lórí àga funfun, ó sì lọ kúnlẹ̀ níwájú Sister Hephzibah bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé.

“Ẹ kú ará fẹ́rakù, mà,” ló wí. “Ọlọ́run á dẹlẹ̀ fún màmá yín.”