Ìkànkùn Mẹ́ta Nínú Ọkọ̀ Onígbòkun

Agogo mẹ́ta kọjá ogún ìṣẹ́jú ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n gbé Ọláwuyì, àgbà onífánìṣì ní Ìkòsí, dé ilé ìwòsàn kan ní Kétu. Ó ń mí, ṣùgbọ́n kò lajú. Búrọ́ọ̀ṣì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ńṣe ni wọ́n ń tú ìka rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó rí i gbà.

"Ta ló ti ilẹ̀kùn mọ́ bàbá yìí?" ni nọ́ọ̀sì béèrè.

"Èmi ni, mà," ni Adédiwúrà, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, dáhùn.

Kò purọ́. Òun ló tì í, gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá rẹ̀ ti kọ́ ọ láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn.

Ọ̀gbẹ́ni Bọ̀wálé, ará Magodo, ló ni ọkọ̀ ojú omi onígbòkun tí wọ́n ti gbé Ọláwuyì jáde. Ó fi tírélà wọ́ ọ wá sí ọgbà kan lẹ́yìn ọjà Mile 12, kí Ọláwuyì lè bó fánìṣì àtijọ́ kúrò lára pákó inú rẹ̀, kí ó sì kùn ún lákọ̀tun. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́ fi ha á, tí wọ́n fi sáńpépà fá a, títí igi náà fi ń jọ̀lọ̀ bí ara ọmọ tuntun. Ó wá ku ìkùn àṣekágbá.

Ìkùn àṣekágbá ní òfin tirẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù Ọláwuyì. Nítorí eruku ọkọ̀ àlùbọ́sà tí í ya wọlé bí eéṣú, wọ́n á wọ́n omi sílẹ̀, wọ́n á fi náílọ́ọ̀nù àti aṣọ tútù dí gbogbo ihò. Ọ̀gá á wà nínú, Adédiwúrà á ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, kò sì gbọdọ̀ ṣí i àfi bí ọ̀gá bá kànkùn lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lọ́dún kan, ó ṣí i nígbà tó gbọ́ méjì. Eruku bà sórí ibùsùn ìyàwó tuntun kan tí wọ́n ń kùn. Òun nìkan ló fá a padà.

Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù fẹ̀. Inú ọkọ̀ náà kò ju kọ́bọ́ọ̀dù ńlá méjì lọ. Àwọn méjèèjì kò rò ó débẹ̀.

"Diwúrà, bó o bá ṣí i kó tó pé mẹ́ta, ìwọ lo máa fá a o."

"Ọ̀gá, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo ṣe irú ẹ̀, ẹ ti sọ ọ́ di orin."

"Orin tó dùn ni. Dí ihò yẹn."

Agogo méjì nìyẹn. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí agogo mẹ́ta lù, ìró kan dún nínú: kò! Adédiwúrà dìde. Ó gbé etí lé ilẹ̀kùn, ó ń retí èkejì.

Ṣàràfá, tó ń ṣa àlùbọ́sà nítòsí, wò ó. "Aunty Fánìṣì, ẹ jẹ́ kí bàbá yẹn jáde kó wá mí!"

"Kò tíì pé mẹ́ta."

"Ṣé ìrun ni wọ́n ń kí, tẹ́ ẹ fi ń ka rákà fún wọn?"

Adédiwúrà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò kúrò níbẹ̀. Ìṣẹ́jú méjì kọjá. Márùn-ún. Ní ìkẹjọ, òórùn tínà tí wọ́n fi ń po fánìṣì yọ láti etí náílọ́ọ̀nù, ó ta á lójú. Bí ó bá ń ta òun báyìí níta, ẹni tó wà nínú ńkọ́?

"Ṣàràfá, gbà mí!"

Wọ́n jọ já náílọ́ọ̀nù kúrò, wọ́n sì ṣí ilẹ̀kùn náà. Ọláwuyì dojú bolẹ̀ lẹ́bàá rẹ̀. Gbogbo ara pákó ń dán. Ibi kékeré kan ló kù tí kò tíì kùn.

"Ó tó ìṣẹ́jú mélòó tó kàn án kẹ́ ẹ tó ṣí i?" ni nọ́ọ̀sì tún béèrè nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán.

"Mẹ́jọ." Kò lè gbójú sókè.

Lẹ́yìn agogo márùn-ún, nǹkan dún lára irin ibùsùn. Ìka ọ̀gá rẹ̀ ni. Kò. Ó pẹ́ díẹ̀. Kò.

Adédiwúrà kò dúró de ẹ̀kẹta. Ó figbe ta, nọ́ọ̀sì sì sáré dé.

"Ara lè máa gbọ̀n fúnra rẹ̀," ni nọ́ọ̀sì sọ, ó ń yẹ ojú Ọláwuyì wò. "Dókítà ló lè sọ."

Dókítà ṣì ń bọ̀ láti àdúgbò Anthony. Títí di agogo mẹ́fà, kò sí ẹni tó tíì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ bóyá Ọláwuyì mọ̀ pé òun ń kànkùn.