Ẹ̀rọ Tí Kò Mọ Aago Lórí Àwọsánmà Ìjọba

Àlá tí mo lá lóru àná rèé, ẹ jókòó kí n rò ó fún un yín. Mo ń gbé ẹ̀rọ kan gun àkàbà lọ sórí àwọsánmà ìjọba. Èmi fúnra mi ni mo ṣe é, iṣẹ́ kan ṣoṣo ló sì mọ̀: kí ó wo ojú òṣìṣẹ́ tó ti fẹ̀yìn tì, kí ó jẹ́rìí pé ó ṣì wà láàyè. Àwọsánmà náà dá wà ni. Kò sí okùn tó so ó mọ́ ayé. Ohun tí o kò bá gbé dání, o kò ní í rí i níbẹ̀.

Àǹtí mi Dúródoyè, tí wọ́n ṣe tíṣà títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, ti débẹ̀ ṣáájú mi. Káfíńtà ìjọba sì ti ń fi tépù wọ̀n wọ́n fún pósí.

“Gbénró, yára o! Wọ́n ní mo ti kú!”

Ọ̀gbẹ́ni Àjàó, ọ̀gá ọ́fíìsì ibẹ̀, rẹ́rìn-ín músẹ́. “Màmá, àwa rí yín. Ẹ̀rọ ni kò tíì rí yín. Bí a bá ti ilẹ̀kùn kí ó tó rí yín, ẹ ti kú nìyẹn.”

Mo tan ẹ̀rọ mi. Ó wo Àǹtí lápá ọ̀tún, ó wò wọ́n lápá òsì.

“Wọ́n wà láàyè,” ó ní, “ṣùgbọ́n aago mélòó ló lù? Mi ò lè kọ ọ́ sílẹ̀ láìmọ àkókò.”

Nílé, orí ayélujára ló ti máa ń béèrè aago. Mi ò rántí gbé aago dání.

“Ẹ jẹ́ kí n sáré lọ mú un wá.”

“Ẹni tó bá jáde kò ní í padà wọlé,” ni Ọ̀gbẹ́ni Àjàó wí, “nítorí òfin sọ pé… mẹ̀ẹ̀ẹ̀!”

Ó ti di òbúkọ. Kò yà mí lẹ́nu, irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń múra sí i tẹ́lẹ̀. Ó fa fáìlì kan, ó ń jẹ ẹ́.

Ni mo bá kíyè sí ẹnu rẹ̀. Déédéé ló ń jẹun, kò yára, kò falẹ̀. Aago ti dé! Mo so wáyà mọ́ àgbọ̀n rẹ̀, ẹ̀rọ mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìjẹun rẹ̀ bí ìṣẹ́jú àáyá.

“Ta ló fọwọ́ sí èyí?” òbúkọ béèrè.

“Ẹ̀yin náà ni, ọ̀gá.”

Àǹtí ti fáìlì mìíràn síwájú rẹ̀. “Jẹun, má fi oúnjẹ sẹ́nu sọ̀rọ̀.”

Ẹ̀rọ kọ ọ́ gàdàgbà: Dúródoyè wà láàyè. Káfíńtà ká tépù rẹ̀, ó ń ráhùn. Lójú ẹsẹ̀ ni ó di òfin pé arúgbó kankan kò gbọdọ̀ gun àkàbà mọ́, àwọsánmà ni yóò máa sọ̀kalẹ̀ lọ bá wọn lẹ́nu ọ̀nà. Èrè tèmi ni pé wọ́n gbà mí síṣẹ́ ìjọba, kí n máa bọ́ ọ̀gá.

Ibẹ̀ ni mo jí. Ìyàwó mi ń gbọ̀n mí jìgìjìgì.

“Bàbá Tiwalọlá, àbí ẹ ò sí láyé mọ́ ni?”

“Mo wà.”

“Ẹ̀rí dà? Ẹ dìde kí n rí i.”

Mo dìde.