Ẹni Tí Wọ́n Rán Wá Tọ́ Ayé Wò

Àná ni wọ́n ṣe ìdánwò àtiwọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ní Èrúwà, òní ni Táyé gbọ́. Àìṣát ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Èrúwà dé sí Igbó-Ọrà lórí ọ̀kadà, ló bá a lẹ́yìnkùlé níbi tó ti ń bó ẹ̀gẹ́.

"Ìwọ yìí! O ti di ọlọ́lá tí kì í wá sídìí ìdánwò mọ́? Wọ́n pe orúkọ ẹ títí. Wọ́n ní àwọn pè ọ́ lórí fóònù, o ní o ò ṣe mọ́."

Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ Táyé. Fóònù tirẹ̀ ti bàjẹ́ láti oṣù tó kọjá. Nọ́ńbà Kẹ́hìndé, ìkejì rẹ̀, ló kọ sínú fọ́ọ̀mù ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì náà. Ohùn wọn sì jọra débi pé ìyá wọn pàápàá máa ń ṣì wọ́n pè.

Ọdún mẹ́ta ló ti wà nílé Kẹ́hìndé, tó ń pọn ọmọ, tó ń fọṣọ, tó ń yan gàrí. Ìgbàkigbà tó bá fẹ́ ráhùn, Kẹ́hìndé á ní, "Ta ló rán ta wá tọ́ ayé wò? Èmi ni ẹ̀gbọ́n o!" Ará ilé á bú sẹ́rìn-ín. Táyé á ní, "Kò burú." "Kò burú" yìí ti pọ̀ nínú rẹ̀, ó ti di yàrá tí kò ní fèrèsé.

Kẹ́hìndé jáde tòun ti oyún oṣù méje. Àìṣát wo ojú àwọn méjèèjì, ó dágbére wéré.

"Kẹ́hìndé, ṣé ìwọ lo dá wọn lóhùn?"

Kẹ́hìndé rẹ́rìn-ín. "Ah-ah, torí ìyẹn lo ṣe fajú ro? Ṣé èmi kọ́ ni mo rán ẹ..."

Ó ṣe Táyé bíi kó ké. Ṣùgbọ́n bó bá ké, ariwo ni wọ́n máa gbọ́, wọn ò ní gbọ́ ọ̀rọ̀. Ó fi ọ̀bẹ sílẹ̀, ó nuwọ́.

"Má rẹ́rìn-ín. Inú ń bí mi."

Kò sọ bẹ́ẹ̀ rí. Omi lé sójú Kẹ́hìndé. "Ẹ̀rù ló bà mí. Tí mo bá fẹ́ bímọ tí o ò sí ńkọ́?"

Òótọ́ ni ẹ̀rù náà, Táyé rí i. Àánú ṣe é. "Kò burú" ti dé orí ahọ́n rẹ̀; ó gbé e mì.

"Mo gbọ́ pé ẹ̀rù ń bà ọ́. Ṣùgbọ́n ó burú, Kẹ́hìndé. Lọ́la, màá lọ sí Èrúwà, màá fi ẹnu ara mi sọ fún wọn pé èmi kọ́ ni mo dáhùn. Wọ́n gbà o, wọn ò gbà o, mi ò ní gbé ilé yìí mọ́. Tó o bá fẹ́ bímọ, pè mí. Màá wá, torí pé ìkejì ẹ ni mí. Kì í ṣe torí pé o rán mi."