Máàkì Márùn-ún fún Alafiarou

"'Àlàáfíà ni, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.' Ohun tí Maman sọ fún mi lórí fóònù nìyẹn, Karimou. Mo sọ fún un pé oyún ti bàjẹ́ mọ́ mi lára, ó ní a dúpẹ́."

Nadia ò wo ojú rẹ̀. Ó ń tẹ máṣíìnì ìránṣọ rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Parakou, aṣọ tó ń rán sì ti wọ́ kúrò lójú ìlà. Ó ti tó oṣù kan tí kò pe ìyá rẹ̀.

Karimou, ọmọ àbúrò ìyá rẹ̀, fẹ́ sọ pé bóyá Tata, ìyá Nadia, ò gbọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ló kọ ọ́ sínú ìwé iṣẹ́ pé Tata ń gbọ́ dáadáa? Òun náà ni.

Ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù tó gbà á síṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ètò ohùn tuntun kan fún ìpè fóònù dé agbègbè Tchaourou. Wọ́n ní ó mọ́ débi pé èèyàn á máa gbọ́ èémí ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀. Karimou ló ń yẹ̀ ẹ́ wò. Á fún ẹnì kan ní fóònù ní abúlé kọ̀ọ̀kan, á pè é láti Tchaourou, á ka gbólóhùn mẹ́wàá fún un. Òfin ni pé kí ẹni náà tún gbólóhùn sọ kó tó fún un ní máàkì, láti oókan dé márùn-ún, márùn-ún sì ni ti ohùn tó mọ́ jù.

Ní Alafiarou, Tata Maïmounatou ló fún ní fóònù. Karimou ò ní kó tún gbólóhùn kankan sọ. Oòrùn ti ń mú, abúlé mẹ́rin ló ṣì kù.

"Mélòó, Tata?"

"Márùn-ún, ọmọ mi."

Ìgbà mẹ́wàá ni. Ohùn Tata ń já wẹ́lẹwẹ̀lẹ létí rẹ̀, ó sì mọ̀ pé Tata ò sọ fún ọmọ kankan rí pé iṣẹ́ rẹ̀ ò dára. Ó mọ̀, síbẹ̀ ó kọ márùn-ún. Nígbà tí àwọn tó ń tún òpó tẹlifóònù ṣe dé, Kika àti Bétérou tí máàkì wọn kéré ni wọ́n lọ, wọn ò dé Alafiarou. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni Nadia pe ìyá rẹ̀.

Karimou ò lè jẹ́wọ́ fún Nadia. Ó gun alùpùpù rẹ̀, ó kọjú sí Alafiarou.

Ó bá Tata níbi tó ti ń sá iṣu sórí àpáta. Tata kí i tilé-toko kó tó wá bọ́ sórí ohun tó ń dùn ún.

"Nadia ń bínú sí mi. Mi ò mọ ohun tí mo ṣe."

"Lọ́jọ́ tó pè yín kẹ́yìn, kí ló sọ?"

"Mi ò gbọ́. Ariwo ni mo ń gbọ́. Ṣé kí n wá máa da ọmọ láàmú pé kó tún un sọ, kó tún un sọ? Mo ní àlàáfíà ni."

"Tèmi ńkọ́, lọ́jọ́ tí mo ń ka gbólóhùn fún yín?"

"Ìyẹn náà, ariwo ni. Ṣùgbọ́n o ní iṣẹ́ ẹ ni. Ìyá wo ló máa fún ọmọ ẹ̀ ní oókan?"

Karimou sọ ti oyún náà fún un. Tata jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Mo wá dúpẹ́?" ló wí. "Èmi ni mo dúpẹ́?"

"Ẹ̀bi yín kọ́, Tata. Ẹ̀bi mi ni."

Ojú tì í. Ó fa fóònù yọ, ó pe ọ̀gá rẹ̀, Monsieur Seidou, ní Parakou.

"Allô? Karimou? Ohùn ẹ ń já. Níbo lo wà?"

Ó lè pa ìpè náà, kó sì fi ọ̀rọ̀ náà pa mọ́. Contrat rẹ̀ tuntun, ìwé àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀, wà lórí tábìlì ọkùnrin yìí, ọ̀gá ò sì tíì fọwọ́ sí i.

"Alafiarou ni mo wà, patron. Ohùn tẹ́ ẹ ń gbọ́ yìí ni mo fún ní márùn-ún."

Ariwo ló dá a lóhùn, lẹ́yìn náà ó gé. Kò mọ̀ bóyá ọ̀gá gbọ́.

"Tata, ẹ mú ìborùn yín," ó ní. "Ẹ jẹ́ ká lọ sí Parakou. Ẹ̀yin á lọ bá Nadia, èmi á lọ bá ọ̀gá mi."

Tata fi iṣu sílẹ̀ lórí àpáta, ó gun ẹ̀yìn alùpùpù. Lójú ọ̀nà, ó ń tún ohun tó máa sọ fún ọmọ rẹ̀ sọ, léraléra, pẹ̀lú ẹkún. Létí Karimou gan-an ni ẹnu rẹ̀ wà. Ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀, títí kan èémí rẹ̀.