Orúkọ Tó Wà Nínú Orin Bọ́ọ̀sì

“Ẹ pe orúkọ yẹn kó dún ketekete, Àǹtí Synne,” ni Sander wí. “Ẹ má gbé e mì. Orúkọ yẹn gan-an ni orin.”

Synne Haukeland yọ ohun tó fi ń gbọ́ orin kúrò létí, ó gbé e lé itan. Àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta ló jókòó sórí àga gígùn nínú yàrá abẹ́ ilé tó ti ń ṣe orin ní ìlú Sandnes. Òjò tó wà lára ẹ̀wù wọn ń kán sílẹ̀. Sander ni olórí wọn. Àwọn méjì yòókù ń jẹ sọ́sééjì tí wọ́n fi búrẹ́dì pẹlẹbẹ wé.

“Ta ló ń jẹ́ Vårin?” ni Synne béèrè. Ó mọ̀ ọ́n. Ó kàn fẹ́ gbọ́ bí wọn yóò ṣe sọ ọ́ ni.

“Alófòófó kan ni,” ni Sander dáhùn. “Ó lọ fẹjọ́ wa sun ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́. Ká ṣáà ní kí àwọn ọmọ kíláàsì ìsàlẹ̀ wẹ̀ díẹ̀ nínú adágún, ni wọ́n bá fagi lé ìrìn àjò wa.”

“Nínú oṣù kejì? Nínú omi yìnyín?”

“Ṣé wọ́n kú ni?”

Ọ̀kan nínú àwọn tó ń jẹun bú sẹ́rìn-ín, tòmáàtì kán sí i láyà.

Synne tún wo ẹsẹ̀ kẹta orin náà lójú fóònù Sander. Ẹsẹ̀ méjì àkọ́kọ́ kò ju ariwo ọtí àti fáàrí lọ, irú èyí tó ti ń kọ láti bí ọdún mẹ́ta. Ẹ̀kẹta yìí yàtọ̀. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ nípa ọmọbìnrin náà, èèyàn ò ní sọ ọ́ sí ajá. Tí oṣù karùn-ún bá sì ti wọlé, tí gbogbo ọmọ tó ń jáde ilé ẹ̀kọ́ girama bá ti wọ ṣòkòtò pupa àjọyọ̀ wọn, bọ́ọ̀sì àríyá àwọn ọmọ yìí yóò máa fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn gbé e kiri láti ibí dé Stavanger, tọ̀sán tòru. Àwọn ọmọdé yóò máa fi í ṣeré lójú ọ̀nà. Ohùn Synne ni wọn yóò sì gbọ́ tó ń bú u.

Ilé ìtajà tó wà nísàlẹ̀ òkè ni Vårin ti ń gba owó lọ́wọ́ oníbàárà lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́. Lọ́jọ́ kan, ó ń di búrẹ́dì Synne sínú àpò, ojú rẹ̀ pọ́n, ó sì sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé, “Orin yín ni mo fi ń sùn.” Ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ni Synne fi gun òkè délé lọ́jọ́ náà. Ó ti pẹ́ tí ẹnì kan ti sọ irú rẹ̀.

“Mi ò ní kọ ẹsẹ̀ yìí,” ó wí.

“Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe ìyá ìjọ fún wa,” ni Sander dáhùn. “Ẹ̀yin náà lẹ kọ èyí tí wọ́n fi bú olùkọ́ ìṣirò lọ́dún tó kọjá.”

“Ìyẹn ò lórúkọ nínú.”

“Èyí lórúkọ. Òun la ṣe wá.”

“Ẹ mú orúkọ kúrò, màá parí ẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.”

Sander dìde, ó fa ìbòrí ẹ̀wù rẹ̀ sókè. “Kò burú. Ọ̀dọ̀ Kjetil là ń lọ. Kò ní bi wá léèrè ohunkóhun. Tá a bá sì débẹ̀, a ò ní pa á mọ́ pé ìwọ ni Ravn tó ń fara pa mọ́ kọ orin bọ́ọ̀sì. Ìwọ tó o sọ fún ìwé ìròyìn pé ìdọ̀tí ni orin wa! Wàá ríran.”

Ọmọ tó ń nu tòmáàtì láyà kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó bojú wẹ̀yìn lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni fẹ́ tọrọ àforíjì. “Màmá mi ní ẹ gbajúmọ̀ gan-an nígbà kan,” ó wí.

Nígbà kan. Synne ti ilẹ̀kùn, ó lọ gbé omi kọfí kaná. Ó gé búrẹ́dì, ó rẹ́ wàràkàṣì lé e, kò sì jẹ ẹ́.

Òótọ́ ni, ìgbà kan wà. Òun àti Kjetil ni, èèyàn méjì àti kọ̀ǹpútà kan. Òun ń kọrin, Kjetil ń to ohùn, wọ́n gbé e dé Berlin, wọ́n gbé e dé Tokyo. Lẹ́yìn náà ni gbọ̀ngàn bẹ̀rẹ̀ sí í kéré, tí àwọn tó ń gbé àwo rẹ̀ jáde ní àwọn yóò pè é, tí wọn kò pè é títí dòní. Àárín ìgbà yẹn ni Kjetil kọ orin bọ́ọ̀sì kan fún àwọn ọmọ girama. Inú bí Synne. Ó lọ sọ fún oníwèé ìròyìn pé ẹni tó bá ń kọ irú orin bẹ́ẹ̀, ìdọ̀tí ló ń bọ́ àwọn ọmọ, ó sì dárúkọ Kjetil. Láti ọdún mọ́kànlá nìyẹn, wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Èèyàn tó bá ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti tán nínú òun, irọ́ ló ń pa.

Kjetil di ọba orin bọ́ọ̀sì. Kò sí oníṣẹ́ kan ní gbogbo etíkun yẹn tó jẹ́ ta kò ó. Nígbà tí nǹkan wá le fún Synne, òun náà yọ́ wọ inú iṣẹ́ náà lábẹ́ orúkọ Ravn. Àwọn ọmọ tó ń bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ nìkan ló mọ̀. Ó ń fi owó rẹ̀ tọ́jú àwo orin tirẹ̀ gan-an, èyí tó ń ṣe láti ọdún mẹ́rin, tí yóò jáde nígbà ìwọ́wé. Tí àṣírí Ravn bá tú, àwọn oníwèé ìròyìn yóò hú ọ̀rọ̀ àtijọ́ rẹ̀ jáde, kò sì sẹ́ni tí yóò tẹ́tí sí àwo náà àfi láti fi í ṣẹ̀sín.

Ó rẹ̀ ẹ́. Ó rò ó pé òun ti ṣe tòun, ọwọ́ òun mọ́, kí òun lọ sùn. Ṣùgbọ́n Sander ti wà lójú ọ̀nà. Ẹnu tí ìgbín fi bú òrìṣà ni yóò fi lọlẹ̀ lọ bá a. Synne mú fóònù, ó pe Kjetil.

Igbe àgùntàn tí Kjetil ń sìn ló kọ́kọ́ gbọ́.

“Ta nìyẹn?”

“Synne ni.”

“Synne wo?”

“Kjetil, o mọ èyí tó jẹ́.”

“Ọ̀kan tí mo mọ̀, kì í pe àwọn tó ń bọ́ ọmọ ní ìdọ̀tí.”

Synne gbé e mì. “Àwọn ọmọ kan ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ. Wọ́n fẹ́ kó o fi orin ba ọmọbìnrin kan jẹ́. Ọmọ gidi ni. Jọ̀ọ́, má kọ ọ́.”

“Báwo lo ṣe mọ ohun tí wọ́n fẹ́?”

“Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ti ń bọ̀.” Ó mí kanlẹ̀. “Èmi ni Ravn.”

“Mo mọ̀.”

“O mọ̀?”

“Láti orin àkọ́kọ́. O máa ń mí kí ọ̀rọ̀ tó parí. Ọdún mélòó ni mo fi gé ìmí yẹn kúrò nínú orin rẹ? Ṣé mo wá lè gbàgbé ẹ̀?”

“Kí ló dé tó ò tú àṣírí mi?”

“Mò ń dúró dè ọ́ ni. Mo ní lọ́jọ́ kan, wàá pè mí, màá sì ka gbogbo ohun tó o sọ fún oníwèé ìròyìn sí ọ létí. Mo ti há a sórí.”

“Kà á, Kjetil.”

“Àgùntàn kan ń rọbí níwájú mi, àtàná ni mi ò ti sùn,” ó wí. “Mi ò lókun ẹ̀.”

“Èmi náà ò lókun.”

“Mi ò ní kọ ọ́. Tí mo bá sì kọ̀, kò sẹ́lòmíì tó máa gbà á. Ṣùgbọ́n àwọn oníṣẹ́ yòókù á béèrè ìdí, mi ò sì ní parọ́ pé àánú ló ṣe mí. Màá ní Ravn ló kọ́kọ́ kọ̀, mo wá tẹ̀ lé e. Wọ́n á ní ta ni Ravn. Kí ni kí n wí? Èmi tàbí àwọn ọmọ yẹn, ẹnì kan á sọ ọ́ síta lọ́la.”

“Sọ orúkọ mi. Má jẹ̀ẹ́ kó jẹ́ pé àwọn ló tú u.”

“Wọ́n á jẹ ọ́ lẹ́ran, Synne. Àwo rẹ ńkọ́?”

“Ẹni tó bá máa gbọ́ ọ á gbọ́ ọ.”

“Mi ò tíì dárí jì ọ́ o.”

“Èmi náà ò bẹ̀ ọ́.”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀.”

Ṣùgbọ́n kò pa fóònù. Synne gbọ́ bó ṣe gbé e lé orí koríko gbígbẹ, tó ń ká apá ẹ̀wù rẹ̀ sókè, tó ń fi ohùn jẹ́jẹ́ bá àgùntàn náà sọ̀rọ̀: rọra, ìyá, rọra. Gbogbo ẹ̀rọ tí Synne fi ń gba ohùn sílẹ̀ ló tò síwájú rẹ̀. Kò tẹ ọ̀kankan. Ó gbé orí lé tábìlì, ó ń gbọ́, títí ọmọ àgùntàn náà fi ké.