Ẹni Tó Ń Ṣọ́ Orí Àtẹ̀gùn

Ìjọ tí mo ń lọ báyìí, nítòsí ilé ọmọ mi, ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni, ẹ ò ní gun ohunkóhun kẹ́ ẹ tó wọlé. Ó ti pẹ́ tí mo ti kúrò ní ti àtijọ́. Síbẹ̀, bẹ́ ẹ bá jí mi lójú oorun, màá ka àtẹ̀gùn rẹ̀ fún yín: mẹ́rìndínlógún ni, ìkẹsàn-án sì máa ń dún.

Òkè ilé ìtẹ̀wé la ti ń jọ́sìn. A kì í lé ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ọkọ kọ̀ sílẹ̀ wà níbẹ̀, ẹni tí ìjọ mìíràn lé jáde wà níbẹ̀. Ọba Kẹ̀kẹ́, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti rọ, ń bẹ níbẹ̀, tàga-tàga la máa ń gbé e gòkè. Káfíńtà àti ìyàwó rẹ̀, adití ni àwọn méjèèjì. Pásítọ̀ wa, obìnrin tó ti ṣe nọ́ọ̀sì rí, máa ń sọ pé kò sí àlejò nínú ilé Ọlọ́run, àfi ẹni tí kò tíì jókòó.

Baba Aláàga ló ń ṣọ́ orí àtẹ̀gùn. Àga ló ń hun jẹun, ojú rẹ̀ sì ti fọ́ láti kékeré. Bí ẹsẹ̀ bá ti kan àtẹ̀gùn ìkẹsàn-án báyìí, ó ti mọ ẹni tó ń bọ̀.

"Akọ̀wé, káàbọ̀. Bàtà yìí kì í ṣe tìẹ."

Lóòótọ́, ti àbúrò mi ni.

Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn dé, wọ́n ní ká ti gbọ̀ngàn pa. Nítorí pé ìdí tẹlifóònù ni mo ti ṣiṣẹ́ kí n tó fẹ̀yìn tì, èmi ni Pásítọ̀ ní kí n wá ọ̀nà. Mo rí ìlà kan tí gbogbo wa lè jọ pè, wákàtí kan lófẹ̀ẹ́, lẹ́yìn náà á gé.

Ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́, ìkíni la fi wákàtí ọ̀hún ṣe. Ta ni yóò dé ibi tí àgbà wà tí kò ní kí wọn? Ẹni tó bá wọlé á kí gbogbo ẹni tó bá níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn náà á dá a lóhùn, kí wọ́n tó ṣe tán ẹlòmíràn á tún ti dé. Ìyá Alágbàfọ̀ nìkan lo ìṣẹ́jú méje: ẹ kú ilé, ẹ kú àìjáde, ẹ kú àìríra, ológbò yín ńkọ́? Pásítọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé "Baba wa tí ń bẹ ní" ni ìlà gé.

"A ò tiẹ̀ dé ọ̀run," ni Ìyá Alágbàfọ̀ wí nígbà tó pè mí.

A fòfin de ìkíni. Bọ́tìnì kan wà lọ́wọ́ mi. Bí mo bá ti tẹ̀ ẹ́, ẹnu gbogbo ìjọ pa dé nìyẹn, àfi ti Pásítọ̀. Ìsìn parí ní ìṣẹ́jú márùndínlógójì. Gbogbo ìjọ yìn mí, orí mi wú. Mo ń tẹ ìwàásù ránṣẹ́ sórí fóònù káfíńtà àti ìyàwó rẹ̀. Mo rò pé kò sẹ́ni tó kù sẹ́yìn.

Lọ́sẹ̀ kẹta, Baba Aláàga pè mí.

"Akọ̀wé, ta ló wá lónìí?"

"Ènìyàn mọ́kànlélọ́gbọ̀n, sà."

"Mi ò bi ẹ́ ní iye. Àwọn ta ni?"

"Orúkọ wọn wà lójú fóònù, Baba."

Mo ń gbọ́ bó ṣe ń fa okùn àga, ṣìì, ṣìì.

"Ojú fóònù," ó ní. "Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí nígbà tí mo fọ́jú. Ohùn ènìyàn ni mo fi ń ríran láti ìgbà náà. Ẹ ti wá fọ́ mi lójú lẹ́ẹ̀kejì. Bó bá jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ni màá máa gbọ́, mo ní rédíò nílé. Ẹ má retí mi mọ́."

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, n kò rí nọ́ńbà rẹ̀. Kò sẹ́ni tó béèrè rẹ̀. Báwo ni wọn yóò ṣe béèrè? Ìka mi wà lórí bọ́tìnì.

Mo sọ fún Pásítọ̀. Ó mí kanlẹ̀. "À ń gbé arọ gòkè, a wá já afọ́jú sílẹ̀ nísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá tún bẹ̀rẹ̀ ìkíni, ìlà á gé."

Ìyá Alágbàfọ̀ ló tú u. "Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé yìí náà! Nígbà tí a wà ní gbọ̀ngàn, ta ló ń kí wa lẹ́nu ọ̀nà? Ẹ jẹ́ kí Baba Aláàga kí wa lórúkọ gbogbo ìjọ. Kí kálukú sọ ọ̀rọ̀ kan, kó wọlé."

Mo pe Baba.

"Baba, kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ ilẹ̀kùn."

"Èwo? Èyí tí ẹ tì mọ́ mi?"

"Òun náà ni, sà. Èmi ni mo tì í. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Mo ṣàlàyé ìmọ̀ràn Ìyá Alágbàfọ̀ fún un. Ó ní òun ti gbọ́. Kò sọ pé òun ń bọ̀, kò sọ pé òun ò ní wá.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, nọ́ńbà rẹ̀ ló kọ́kọ́ yọ. Mo ṣí ẹnu rẹ̀ sílẹ̀. Mo ṣí ẹnu Ọba Kẹ̀kẹ́.

"Èmi rè é."

Okùn àga dún, ṣìì, ṣìì. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ọ: "Ọba Kẹ̀kẹ́, káàbọ̀. Ọ̀fun ẹ ti gbẹ, lọ mumi."

Mo ṣí ti Ìyá Alágbàfọ̀.

"Ẹ káàárọ̀ o, Baba, ẹ kú ilé, ẹ kú àì—"

"Ọ̀rọ̀ kan la ní!"

"Ọ̀kan náà ni, Baba. Ó bímọ ni."

Mo ti tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ sí káfíńtà pé kó pe ìlà náà, kó sì kan tábìlì lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ìró náà fẹ́rẹ̀ẹ́ di wá létí.

"Káfíńtà àti ìyàwó ẹ̀ ti dé," ni Baba wí. "Òòlù ló fi kàn án."

Nígbà tí ìṣẹ́jú méjìlá pé, Pásítọ̀ fẹ́ gbàdúrà.

"Ẹ dúró ná," ni Baba wí. "Ó ku ẹnì kan."

Mo wo ojú fóònù. "Gbogbo wọn ti pé, sà."

"Bó o ṣe máa ń wí nìyẹn. Ẹni tó di ẹnu wa mú, òun alára ò tíì wọlé."

Mo gbé ìka mi kúrò lórí bọ́tìnì.

"Èmi rè é, Baba."

"Akọ̀wé," ó ní, "gòkè wá."