Ibi Tí Màmá Dúró Sí

Ó ku ọ̀la kí báálù mi gbéra padà sí Toronto, mi ò sì tíì gba oríkì ilé wa sílẹ̀. Orin régè ni mo ń kọ lọ́hùn-ún. Ìlù ti wà, gìtá béèsì ti wà, àárín orin nìkan ló ṣófo. Oríkì wa ni mo fẹ́ fi síbẹ̀, kí àwọn ará Toronto lè mọ̀ pé èmi náà nílé. Ẹnì kan ṣoṣo ló kù tó mọ̀ ọ́n: Màmá Àṣàbí, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, ní Òkukù. Wọ́n ti lé lọ́gọ́rin ọdún.

Mo gun ọ̀kadà láti Ìkìrun. Nígbà tí a dé Inísà, ọlọ́kadà dúró ra epo, ó tún ń bá àwọn èèyàn ṣàwàdà. Inú bí mi burúkú.

Bí mo ṣe wọlé, mo gbé fóònù síwájú Màmá. "Ẹ ki oríkì wa sínú èyí, mà."

Màmá wo fóònù. "Ta ni kí n kì?"

"Kò sẹ́nì kankan, mà. Ẹ ṣáà máa kì í."

"Àkànní, ṣé irin yìí ni kí n máa kì? Kì í wá bẹ́ẹ̀."

Mo bẹ̀bẹ̀ títí ó fi sú mi. Ẹ̀gúsí ni wọ́n ń bó ní tiwọn. Mo bínú sí wọn, kí n má purọ́. Mo ju fóònù sínú báàgì, mo dọ̀bálẹ̀ kí n lè dágbére.

Ìgbà náà ni wọ́n gbọ́wọ́ lé mi lẹ́yìn. "Àkànní, ọmọ Fákáyọ̀dé..."

Oríkì bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde. Wọ́n ki bàbá mi, wọ́n ki bàbá bàbá mi, wọ́n ki àwọn tí mi ò gbọ́ orúkọ wọn rí. Orí mi wú, omi bọ́ lójú mi. Àmọ́ fóònù ńkọ́? Mo dìde, mo nawọ́ sí báàgì.

Màmá dákẹ́.

Mo tún dọ̀bálẹ̀ kíá. "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ máa bá a lọ."

"Ìwọ lo dìde," ni wọ́n wí, wọ́n sì padà sídìí ẹ̀gúsí wọn. "Ìyá tó bí bàbá rẹ ló kàn."

Mo ti ń kọ orin náà ní Toronto báyìí, ìwọ̀nba tí mo rántí. Tí mo bá débi tí Màmá dúró sí, mo máa ń dákẹ́, kí béèsì máa dá lọ. Àwọn èèyàn á pàtẹ́wọ́, wọ́n rò pé bí régè ṣe rí nìyẹn. Ìyá bàbá mi ló yẹ kó wà níbẹ̀. Ọkàn mi kì í balẹ̀ títí orin á fi parí.